Ìtòkú tí Kò Sí Ènìyàn: Ọ̀rọ̀ lórí Ibi tí Irin àti Títì ti ń Pàdé

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní Jọ́gíráfì, ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ ètò ìlú ló ń ṣe báyìí. Àwòrán náà jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin ìgboro, irú èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní light rail: ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju rélùwéè tí a mọ̀ lọ, tó lè gba àárín ìlú kọjá, tó sì ń dúró ní ibùdó kan sí èkejì bíi bọ́ọ̀sì. Nínú àwòrán yìí, ọkọ̀ náà gbéra láti Laderin, níbi tí ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká wà, ó gba Lafẹ́nwá, ó gun Ìtòkú, ó já sí Ṣàpọ́n, ó wá parí sí Kútọ̀. Iṣẹ́ ìjọba kọ́ o. Àlá tirẹ̀ ni, ó kàn fẹ́ kí n bá òun wò ó. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "Prof, ẹ má dá mi sí o."

Mi ò ní dá a sí. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, torí pé àṣìṣe tó wà nínú àwòrán yẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó jù ú lọ, tí wọ́n ń gba owó ńlá, ń ṣe irú rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ènìyàn sì ń fi ẹ̀mí san án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ìdí tó fi ya àwòrán yìí dára. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí rélùwéè tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta mọ bó ṣe ń rí. Ibùdókọ̀ ńlá, ilé tó mọ́ tónítóní, tí ẹ bá wá jáde, ẹ ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín wọ ìgboro. Nígbà míì, ohun tí ẹ máa san fún ọkọ̀ láti Laderin dé Ṣàpọ́n á mú kí ẹ ronú pé bóyá ẹ ì bá kúkú ti wọ mọ́tò láti Èkó. Ẹni tó bá ní kí a fi irin so ibùdókọ̀ yẹn mọ́ ọjà, kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú rú ni ibi mẹ́rin tí irin rẹ̀ ti dábùú títì. Ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó yà síbẹ̀ kò ju ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá lọ, bí àmì ìsodipúpọ̀ nínú ìwé ìṣirò. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan. Kò sí ọ̀kadà, kò sí Màrúwá, kò sí ìyá tó pàtẹ ata. Mo wo Ìtòkú inú àwòrán náà títí. Ìtòkú tí kò sí ènìyàn! Ìtòkú wo nìyẹn? Ibi tí àwọn aládìrẹ máa ń na aṣọ títí dé etí títì, tí oníbàárà á fi ẹ̀yìn rìn kó lè wo aṣọ dáadáa, ibẹ̀ náà ló fi ìlà méjì ṣàpèjúwe.

Ọmọ mi, ìkọjá kì í ṣe ibi tí ìlà méjì ti pàdé. Ibi tí irú ìkánjú méjì ti pàdé ni. Ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bá, ọjà sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìkọjá gbọ́dọ̀ mọ ìkánjú méjèèjì. Òwò àkọ́kọ́ láàárọ̀ kò mọ̀ pé rélùwéè ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ irin kì í ṣe àjèjì sí àwa Ẹ̀gbá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó, nígbà tó fi máa di 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn, ó sì ti gba ilẹ̀ wa kọjá. Lafẹ́nwá di ibùdókọ̀, ọjà sì dìde yí i ká. Nígbà Ogun Adúbí lọ́dún 1918, nígbà tí inú bí àwọn ènìyàn sí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí ni irin àti wáyà tẹligíráàmù ní gúúsù Abẹ́òkúta: wọ́n hú u. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tún lọ hú irin o. Ohun tí mo ń sọ ni pé irin tó gba àárín ènìyàn kọjá láìbèèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n á fún un lésì.

Èkó pàápàá ti ní ọkọ̀ ojú irin inú títì rí. Láti 1902 títí di 1933, ọkọ̀ kékeré tó ń lo ooru omi máa ń ti Ìddó gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Ìyẹn ni pé ohun tí a ń pè ní tuntun yìí, àwọn bàbá bàbá wa ti yà fún un lójú títì rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti máa ń parí. Táyà mọ́tò jẹ́ rọ́bà lórí ọ̀dà, ó máa ń di ilẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ irin lórí irin, ó máa ń yọ̀. Yíyọ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè gbé ẹrù tó pọ̀ pẹ̀lú epo díẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè dúró. Ọkọ̀ tó bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pe "Jésù" tàbí "Lá iláhà" tán, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé mẹ́ta kọjá. Bí awakọ̀ rẹ̀ bá tẹ bíréèkì tagbára tagbára, ó lè tó kìlómítà kan kí ọkọ̀ ńlá tó dúró. Nítorí náà, tí awakọ̀ rélùwéè bá fi ojú rí yín lórí irin, ó ti pẹ́ jù. Ìdí nìyí tí rélùwéè ńlá fi ń gbára lé iná àmì, kì í gbára lé ojú awakọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ìgboro yàtọ̀ díẹ̀. Tó bá wọ àárín ìlú, awakọ̀ rẹ̀ máa ń wa á bí ẹni ń wa bọ́ọ̀sì: ó ń fojú wo iwájú, eré rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè dá dúró láàárín ibi tí ojú rẹ̀ lè rí dé. Ó tún ní bíréèkì kan tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ irin. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kò lè yà. Bí ọmọdé bá sáré jáde, oní-dánfó lè gé sítíárìn-ìn, ó lè wọ gọ́tà. Ọkọ̀ ojú irin kò ní gọ́tà tó lè wọ̀. Ibi tí irin bá gbé e lọ náà ló ń lọ. Ìyẹn ni pé gbogbo yíyà tó yẹ kí ó wà, ẹni tó ya ìkọjá ló gbọ́dọ̀ ti bá a yà á sílẹ̀.

Ọmọ mi ya irú méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Ó kọ eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan sí gbogbo ọ̀nà, láti Laderin dé Kútọ̀. Láàárín Laderin sí Lafẹ́nwá, tí wáyà bá yí i ká, mo lè gbà. Ní Ìtòkú ńkọ́? Tó bá jẹ́ ojú ni awakọ̀ yóò fi máa wò, 80 kò ṣeé gbọ́ sétí. Tó bá sì jẹ́ iná àmì, a jẹ́ pé géètì ni yóò wà níbẹ̀, a ó sì wá sọ ọ̀rọ̀ géètì.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ rántí ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ wá sí Èkó kọlu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́, ní ìkọjá PWD ní Ṣógúnlè, lágbègbè Ìkejà. Ènìyàn mẹ́fà kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Láti ìlú wa níbí ni ọkọ̀ yẹn ti gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gbé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, gbogbo ibi tí mo bá dé, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: "Dẹ́rẹ́bà ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà wa ò ní sùúrù."

Ọ̀rọ̀ ti dẹ́rẹ́bà, ilé ẹjọ́ ló ni ín. Èmi kì í ṣe adájọ́. Ọ̀rọ̀ ti ìkọjá ló jẹ mí lógún. Bí ẹnì kan bá ṣubú sí kòtò kan lẹ́ẹ̀kan, a lè ní ojú ẹni náà fọ́. Àmọ́ ìkọjá tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ẹnì kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ti tó láti pa ènìyàn mẹ́fà tí kò mọ nǹkan kan, ìkọjá bẹ́ẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tó yà á fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún dẹ́rẹ́bà láti ṣe. Àwọn tó jókòó sí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì yẹn kọ́ ló wà ní ìdí sítíárìn-ìn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Kí èmi náà má baà dà bí ẹni mímọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dúró lẹ́yìn ọ̀pá géètì kan tí wọ́n ti gbé sílẹ̀. A dúró, a dúró, rélùwéè ò dé. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba, wọ́n ń gba abẹ́ ọ̀pá kọjá. Èmi náà tẹ̀ ba, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi. Mo ti dé àárín irin nígbà tí mo gbọ́ fèrè. Ohun tó gbà mí ni pé ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí fa ṣẹ́ẹ̀tì mi láti ẹ̀yìn, ṣẹ́ẹ̀tì náà sì ya. Ó gbá mi létí kan. Títí dòní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé alágídí ni mí? Rárá o. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà, mo sì máa ń gba àwọn ọmọ ní ìyànjú pé kí wọ́n gbọ́ràn. Géètì yẹn ló parọ́ fún mi: ó ní ewu ń bọ̀, ewu kò dé fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò wá gbà á gbọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: géètì kò gbọ́dọ̀ purọ́. Bó bá tètè sílẹ̀ jù, àwọn ènìyàn á kọ́ bí a ti ń yẹra fún un. Bó bá pẹ́ kó tó sílẹ̀, àyè á gbà wọ́n jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin wọn sọ pé ìkìlọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ọkọ̀ tó dé ìkọjá. Mo fẹ́ mọ ohun tí 20 yẹn túmọ̀ sí fún irú mi. Mo wọn mítà mẹ́wàá ní iwájú ilé mi, ìyẹn fẹ̀ tó irin méjì pẹ̀lú etí rẹ̀, mo di agogo ọwọ́ mi mú, mo rìn ín pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn mí yìí. Ìṣẹ́jú àáyá 14 ni mo lò. Mi ò ru nǹkan kan o. Bí mo bá ru agbọ̀n tòmátì, tí bàtà mi já, tí mo sì dúró kí ẹnì kan, ẹ bá mi ṣírò èyí tó kù.

Ẹ̀kọ́ kejì: NEPA. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kọ ọ́ sínú àwòrán rẹ̀ pé "géètì tó ń lo iná". Iná wo? Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe géètì lọ́nà pé iná ló ń gbé ọ̀pá náà dúró lókè. Bí iná bá lọ, ọ̀pá á fi ìwúwo ara rẹ̀ wálẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni: nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ìbàjẹ́ náà á ṣubú síhà ààbò. Àmọ́ ẹ gbé ọgbọ́n yẹn wá sí ìlú tí iná ti ń lọ nígbà mẹ́ta lóòjọ́. Ọ̀pá á wálẹ̀ láìsí rélùwéè, á wà nílẹ̀ fún wákàtí méjì, gbogbo Ṣàpọ́n á dì pa. Kò ní pé títí tí àwọn ọmọ ọlọ́kadà á fi gbé e sókè fúnra wọn, tí wọ́n á fi òkúta tì í. A ti padà sí géètì tó ń purọ́. Nítorí náà, bátìrì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, sólà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ènìyàn tó ń gba owó oṣù lásìkò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́. Kí a má sọ pé ayé ti kọjá aṣọ́géètì. Ayé àwọn tí iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn ló kọjá a.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni gó-sílóò. Àwòrán ọmọ mi gbà pé ọkọ̀ tó bá ti wọ orí irin á kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tẹ̀lé dánfó iwájú, dánfó iwájú á dúró gbé èrò, ẹ̀yin náà á dúró, ìdí ọkọ̀ yín á wà lórí irin. Ẹ ò ṣẹ̀, ẹ ò sì lè lọ síwájú tàbí kí ẹ padà. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: kí iná tó ń darí ọkọ̀ wà ní iwájú, lẹ́yìn tí a bá ti kọjá irin, kó máa fún títì láyè láti ṣófo kí rélùwéè tó dé, kí a kun orí irin ní ọ̀dà yẹ́lò tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúró lé, kí ibi tí dánfó ti ń gbé èrò jìnnà sí i. Nínú àwòrán yìí, ibùdó dánfó wà ní mítà márùn-ún sí irin. Ẹni tó bá fi í síbẹ̀ ti ya ìjàǹbá.

Ẹnìkan á sọ pé, "Prof, kí ló dé tí a ò kàn ní gbé irin náà gba òkè?" Ìbéèrè tó dára. Ohun tí Èkó ṣe ní apá kan ọ̀nà Blue Line nìyẹn, Blue Line tó lọ láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Iná tó ń wa ọkọ̀ náà ń gba irin kẹta lẹ́bàá ilẹ̀ kọjá, kò ṣeé ṣe kí ẹlẹ́sẹ̀ dá a kọjá láéláé. Fún Red Line, láti Agbádó dé Oyíngbò, tí Ààrẹ Tinúbú ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì 2024, ilẹ̀ ni irin gbà, wọ́n wá kọ́ bíríìjì fún mọ́tò ní Oyíngbò, ní Yábà, ní Múṣín àti ní Ìkejà. Mo gbóríyìn fún wọn. Ìkọjá tó dára jù ni èyí tí kò sí mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí bíríìjì ń bá ṣiṣẹ́. Mọ́tò gun bíríìjì láìlàágùn. Ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fún un ní àtẹ̀gùn. Ẹ lọ dúró lábẹ́ bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ èyíkéyìí ní títì ńlá Èkó, ẹ ó rí ènìyàn tó ń sáré gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó dúró láti mú wọn. A máa ń pe ìyẹn ní àìgbọràn. Àwọn kan ya ọ̀lẹ lóòótọ́. Àmọ́ ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ru ẹrù, aboyún, ẹni tó ń tẹ ọ̀pá, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn wọ̀nyí kò ṣàìgbọràn. Àwọn ni ẹni tó ya bíríìjì náà kò rántí. Bí àtẹ̀gùn bá jẹ́ àádọ́ta lọ, àádọ́ta bọ̀, kí a tó ra ata ọgọ́rùn-ún náírà méjì, orúnkún ló ń sanwó.

Bí a bá sì fi wáyà yí irin ká láìsí ìkọjá tó pọ̀ tó, a ti pín ìlú sí méjì nìyẹn. Adísí Ábábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn, tí wọ́n ṣí ní 2015, gba àárín títì ńláńlá kọjá pẹ̀lú ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn ènìyàn tí wọ́n máa ń rékọjá lọ kí ara wọn ní ìṣẹ́jú kan wá ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n á gbà. Kàsábúláńkà ní ilẹ̀ Mòrókò yan ọ̀nà mìíràn ní 2012: wọ́n jẹ́ kí irin wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú títì, wọ́n fi iná darí gbogbo ènìyàn, ọkọ̀ sì ń rọra. Ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn kọjá lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ bi àwọn ará wa tó wà ní Houston. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2004, àwọn mọ́tò ń kọlù ú léraléra, débi pé àwọn ará ìlú sọ ọ́ lórúkọ yẹ̀yẹ́, "Wham Bam Tram". Àwọn onímọ́tò tó fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì ni wọ́n pọ̀ jù, torí pé ọkọ̀ ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wọn, wọn ò sì wo ibẹ̀. Wọ́n ní iwé-ẹ̀rí ìwakọ̀ o, wọ́n ní títì tó dán. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti dúdú tàbí ti aláìlajú. Ojú ènìyàn kì í wo ibi tí kò bá retí nǹkan. Ẹni tó ya oríta ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ojú ń wò.

Èyí ló mú mi dé Ṣàpọ́n inú àwòrán náà. Ọmọ mi ya ràǹdábáòtù síbẹ̀, ó wá gbé irin gba àárín rẹ̀ gan-an. Ó lẹ́wà lójú. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ ràǹdábáòtù ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ló ń wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Nígbà tó bá sì wọlé tán, ibi tó fẹ́ yà sí ló ń wò. Kò sí ìgbà kankan tó ń wo àárín. Ilẹ̀ Faransé, tó ti ń tún irú irin yìí tẹ́ láti ìgbà tí Nantes bẹ̀rẹ̀ ní 1985, mọ̀ pé ràǹdábáòtù jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí mọ́tò àti ọkọ̀ ojú irin ti máa ń gbá ara wọn jù. Tí o bá fẹ́ kí irin dé Ṣàpọ́n, yọ ràǹdábáòtù yẹn kúrò, fi iná síbẹ̀, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ máa di pupa nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọjá. Àbí kí o dá irin dúró kó tó dé Ṣàpọ́n, kí àwọn ènìyàn sì fẹsẹ̀ rìn wọlé. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìtòkú ní ti tirẹ̀, òkè ni. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro máa ń ṣe wàhálà tí òkè bá ti ga ju mítà 7 nínú mítà 100 tó bá rìn. Bó bá gùn ún tán, ó ń bọ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú, lójú òjò, lórí irin tó tutù. Ibẹ̀ ni ó ti máa ń pẹ́ jù kí ó tó dúró, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ mi fi ìkọjá ọjà sí, ní ìsàlẹ̀ òkè. Gbé e sókè, síbi tí ọkọ̀ ti ń rọra.

Lafẹ́nwá, ọjà ló wà níbẹ̀, ọjà kì í sì í kúrò nítorí pé a ya ìlà. Níbẹ̀, mo fẹ́ kí o ya ìkọjá ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bíi lẹ́tà Z: kí ọgbà kékeré darí ẹlẹ́sẹ̀ kó rìn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ irin, kó kọjú sí ìhà tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kó tó rékọjá. Kò nílò iná, kò nílò bátìrì. Ó kàn ń yí orí ènìyàn sí ibi tó yẹ kó wò. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ níbi púpọ̀ lágbàáyé. Kí o sì jẹ́ kó fẹ̀ tó ẹni tó ru agbọ̀n, àti ọmọlanke.

Kútọ̀, ibùdó ìkẹyìn: ìkọjá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ gan-an léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ẹni tó rí ọkọ̀ tirẹ̀ tó fẹ́ gbéra kò ní wo ọkọ̀ kejì tó ń wọlé. Bí irin bá jẹ́ méjì, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá kọjá ni yóò fi ara bo èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ti kú báyìí: wọ́n dúró de àkọ́kọ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì rìn sábẹ́ èkejì.

Ohun tó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sára pátákó. Gbogbo pátákó inú àwòrán náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Mo dábàá pé kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà báyìí: DÚRÓ. WO Ọ̀TÚN. WO ÒSÌ. ỌKỌ̀ KEJÌ LÈ MÁA BỌ̀. Kí wọ́n sì ya àwòrán ọkọ̀ méjì sí i fún ẹni tí kò kàwé.

Mo mọ̀ pé wọ́n á bi mí pé owó dà. Ó dáa. Kí ìkọjá kéré níye, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pé. Mélòó kan tó pé sàn ju mẹ́wàá tí a fi ìlà méjì ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé owó kò tó láti ṣe ìkọjá dáadáa, a jẹ́ pé owó kò tíì tó láti tẹ́ irin nìyẹn, torí ìkọjá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún irin. Ara irin ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, máàkì 52. O yege, àmọ́ o ní láti tún un ṣe. Kí o tó tún gbé rúlà, lọ dúró ní Ìtòkú láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá, ní ọjọ́ ọjà. Mú bírò àti ìwé kékeré. Ka àwọn tó kọjá, kọ ohun tí wọ́n rù sílẹ̀, wo ìhà tí ojú wọn kọ sí. Kọ́kọ́ ya àwọn yẹn sórí pépà. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ibi tí irin lè gbà láàárín wọn. Bí o bá parí, mú un wá sílé. Màmá yín á se ẹ̀bà, a ó sì jókòó wò ó.